Ẹ Dojú Ajá Náà Bolẹ̀, Kí Ẹ Wo Ìdí Rẹ̀

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ère ẹranko àwọn ará Jámánì ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Ọ̀kan nínú wọn ní, 'Ìwọ tí à ń retí kí o kọ nípa oríkì tàbí ọnà èdè, ajá àti ọ̀bọ àwọn Òyìnbó ni o rí kọ?' N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí ó bá ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò mọ́.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Jámánì. Wọ́n lọ kàwé ní Ìlà-Oòrùn Jámánì nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì pín sí méjì, wọ́n sì padà wálé ní ọdún 1984. Lára ẹrù tí wọ́n kó bọ̀ ni ajá funfun kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìyá arúgbó tí ó gbà wọ́n sílé níbẹ̀ ni ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Láti ìgbà náà ni ajá yìí ti jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ wọn, láàárín àwọn ife tí ẹnikẹ́ni kì í fi mu nǹkan. Bàbá Jámánì kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbà tí ó di pé kí àwọn ọmọ pín ẹrù, ẹnìkan sọ pé òun gbọ́ pé irú ajá bẹ́ẹ̀ ń pa owó tí ó lè kọ́ ilé. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bùọ̀dá, tí ó jẹ́ àkọ́bí, ní àwọn ni àwọn ni í. Àǹtí, tí wọ́n tọ́jú Bàbá ní gbogbo ìgbà àìsàn wọn, ní àwọn kò ní gbà. Ni Màmá bá pè mí, wọ́n ní, 'Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, lọ bá wa wádìí ajá yìí.' Ohun tí mo rí nínú ìwádìí náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀. Tánńganran ni àwọn àgbà wa ń pe irú ohun tí wọ́n fi ṣe ajá náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kó oríṣiríṣi pọ̀. Abọ́ onírin tí wọ́n fi ọ̀dà dídán bò wà nínú rẹ̀, àwo amọ̀ tí wọ́n kùn náà wà nínú rẹ̀. Ojúlówó rẹ̀ ni mo ń sọ níhìn-ín, èyí tí wọ́n fi amọ̀ funfun tí ń jẹ́ kaolin mọ, pẹ̀lú òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná. Iná tí ó gbóná tó nǹkan bí 1400 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ń là kọjá. Bí ó bá jáde nínú ìléru, ó ti le bí òkúta, omi kò lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fi èékánná ta á, yóò dún bí agogo. Bí ó bá fẹ́lẹ́, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ láti òdìkejì. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ iṣẹ́ yìí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí àwọn ará Yúróòpù tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Yúróòpù kàn ń rà á bí ẹni ń ra wúrà ni.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí Jámánì lè ṣe kò tilẹ̀ wá amọ̀ lọ. Wúrà ni ó ń wá. Johann Friedrich Böttger ni orúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ apòògùn kan ní ìlú Berlin, ó sì ń fọ́nnu kiri pé òun lè sọ irin lásán di wúrà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ọba Prussia, Böttger sì fẹsẹ̀ fẹ ní ọdún 1701, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ó sá fún ẹkùn, ó kó sẹ́nu kìnnìún. Augustus tí wọ́n ń pè ní Alágbára, olórí ilẹ̀ Saxony tí ó tún jẹ ọba Póláńdì, ní kí wọ́n mú un wá, ó sì tì í mọ́lé kí ó lè máa ṣe wúrà fún òun nìkan. Ọdún ń gorí ọdún, wúrà kò jáde. Ọ̀mọ̀wé kan, Ehrenfried Walther von Tschirnhaus, tí òun ti ń fi amọ̀ àti iná dán nǹkan wò tẹ́lẹ̀, ni ó fa Böttger wọ inú iṣẹ́ tánńganran. Ní ọdún 1708 wọ́n rí i ṣe, ọdún náà gan-an ni Tschirnhaus kú. Ní ọdún 1710 ọba dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ààfin olódi kan lórí òkè ní ìlú Meissen, lẹ́bàá odò Elbe, kí àṣírí má baà tú. Ilé iṣẹ́ Meissen ṣì ń ṣiṣẹ́ di òní olónìí, bí ó tilẹ̀ ti kúrò nínú ààfin náà ní ọ̀rúndún 19. Böttger kò jẹ adùn rẹ̀ pẹ́. Ọdún 1714 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀, ó sì kú ní 1719, ọmọ ọdún 37. Àṣírí tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ náà kò ṣeé tì mọ́lé títí: ọdún tí ó kú ni òṣìṣẹ́ kan gbé e sá lọ sí Vienna.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ tánńganran ṣe wọ Augustus lára tó, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 1717, ó kó ọmọ ogun 600 fún ọba Prussia, ó sì gba ohun èlò tánńganran Ṣáínà 151 ní pààrọ̀ wọn. Mo ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ènìyàn mẹ́rin fún ẹyọ kan. Títí di òní, orúkọ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni wọ́n fi ń pe àwọn ìkòkò ńlá inú wọn ní Dresden. Ìkòkò ni ó jogún orúkọ àwọn ènìyàn náà. Àwọn tí ó ń kọ ìtàn yìí sábà máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti fi ènìyàn pààrọ̀ ìbọn àti ìlẹ̀kẹ̀ rí, n kò rí ẹ̀rín nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọba yìí kan náà ni àwọn ẹranko ti wá. Ó ní ààfin kan ní Dresden tí wọ́n ń pè ní Ààfin Japan, ó sì fẹ́ kí ó kún fún tánńganran láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí àwọn ẹranko àti ẹyẹ tò sínú gbọ̀ngàn rẹ̀, kí wọ́n sì tóbi bí ti gidi. Nǹkan bí 600 ni ó ní kí wọ́n ṣe. Johann Gottlieb Kirchner ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé e. Ó ṣe erin, ó ṣe kìnnìún, ó ṣe àgbáǹréré. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àgbáǹréré yìí, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwòrán tí Albrecht Dürer ṣe ní ọdún 1515 ni Kirchner wò mọ ọ́n. Dürer alára kò fojú rí àgbáǹréré. Ìròyìn àti àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Lisbon ni ó lò. Ìdí nìyí tí àgbáǹréré Meissen fi wọ ẹ̀wù irin bí jagunjagun, tí ìwo kékeré kan sì hù sí i léjìká. Agbọ́sọ ló bí agbọ́sọ, wọ́n sì fi iná sun ún ó di òkúta.

Ní ọdún 1731 ni wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí i, Johann Joachim Kaendler, ọmọ olùṣọ́àgùntàn. Òun kò fara mọ́ agbọ́sọ. Ó ń lọ sí ibi tí ọba ń sin ẹranko sí, yóò wo ẹyẹ láàyè, yóò ya àwòrán rẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan amọ̀. Ẹ wo ẹyẹ òfú rẹ̀ tí ó ń gbé ẹja mì, ẹ wo tòlótòló rẹ̀ tí ó fẹ ìyẹ́, àti ewúrẹ́ rẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú. Ewúrẹ́ yẹn lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa. Augustus tilẹ̀ rán dókítà kan, Johann Ernst Hebenstreit, lọ sí Àríwá Áfíríkà ní ọdún 1731 láti lọ wá ẹranko bọ̀, ṣùgbọ́n ọba kò rí ìpadàbọ̀ rẹ̀: ó kú ní ọdún 1733. Nígbà tí wọ́n sì mú àgbáǹréré gidi kan tí ń jẹ́ Clara dé Dresden ní ọdún 1747, Kaendler wò ó, ó sì mọ tirẹ̀. Ẹ̀wù irin bọ́ kúrò lára àgbáǹréré.

Iná ni kò gbà fún wọn. Tánńganran máa ń sún kì nínú iná, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó gùn tó ìka mẹ́fà nígbà tí ó tutù lè kù bí ìka márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ife tàbí ajá kékeré, kò ní wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kìnnìún tí ó tóbi, ẹ̀gbẹ́ kan yóò sún kì ṣáájú èkejì, ara rẹ̀ yóò sì sán. Nítorí ìbẹ̀rù kí wọ́n má baà fọ́, wọn kò lè tún gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sínú iná láti sun àwọ̀ mọ́ wọn lára. Wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ ní funfun. Wọ́n fi ọ̀dà lásán kun àwọn mìíràn, ọ̀dà náà sì ń bó. Iye tí ọba fẹ́ kò pé, ààfin náà kò sì rí bí ó ti lá a. Ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti sán lára àwọn tí ó wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Zwinger ní Dresden, kò sí ẹni tí ó bò ó.

Àwọn ńlá wọ̀nyí kọ́ ni olùkójọ lásán ń fojú sùn. Méjì nínú ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí Kaendler ṣe ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní Paris ní ọdún 2005, wọ́n sì pa ju mílíọ̀nù márùn-ún owó yúrò lọ. Ó dá mi lójú pé irú ìròyìn yìí ni ó bọ́ sí etí ẹni tí ó dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Àwọn kéékèèké tí a lè gbé lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ olùkójọ ń wá: ayékòótọ́, ológbò, àwọn ọ̀bọ tí wọ́n wọ aṣọ bí olórin ààfin tí wọ́n ń fọn fèrè tí wọ́n ń lu ìlù, àti ajá pug onímú pẹlẹbẹ. Ajá pug yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1738 Póòpù Clement Kejìlá ka ẹgbẹ́ Freemason léèwọ̀ fún àwọn Àgùdà. Àwọn kan nínú wọn lọ dá ẹgbẹ́ awo mìíràn sílẹ̀ ní Jámánì, wọ́n gba ọkùnrin, wọ́n gba obìnrin, wọ́n sì fi ajá pug ṣe àmì rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá rí ajá pug tánńganran nínú àwòrán àwọn ọlọ́lá ìgbà náà, ó lè má jẹ́ eré ọmọdé.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe ń dá wọn mọ̀? Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yóò máa wo ojú ẹranko. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò dojú rẹ̀ bolẹ̀, yóò wo ìdí rẹ̀. Ní èdè tiwa ẹ̀wẹ̀, ìdí ni ìsàlẹ̀ nǹkan, ìdí náà ni ohun tí ó fà á. N kò rò pé ó sí èdè tí ó bá iṣẹ́ yìí mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti nǹkan bí ọdún 1722 ni Meissen ti ń fi àwọ̀ búlúù ya idà méjì tí ó dábùú ara wọn sí ìdí iṣẹ́ wọn. Inú àmì àṣẹ Saxony ni wọ́n ti mú un. Bí ẹ bá rí àmì tótó kan láàárín èèkù idà méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ọdún 1763 sí 1774. Bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ ni ó wà lábẹ́ wọn, a jẹ́ pé ti ìgbà Marcolini ni, 1774 sí 1814. Abẹ́ ohun dídán tí wọ́n fi bo ara ère ni àmì náà máa ń wà, nítorí náà bí ẹ bá fi èékánná họ ọ́ tí ó sì ta yọ, ẹ ṣọ́ra. Ẹ tún wo bóyá wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó kọ nọ́ńbà sínú amọ̀ náà. Àwọn ère ọ̀rúndún 19 àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó sábà máa ń ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Meissen kò kó àwòṣe Kaendler dànù. Wọ́n ṣì ń tẹ amọ̀ sí i. Nítorí náà ayékòótọ́ kan lè jẹ́ ojúlówó Meissen, kí ó jẹ́ ti Kaendler, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó mọ ọ́n kò tíì kú.

Ayédèrú náà pọ̀. Ilé iṣẹ́ Samson ní Paris ṣe àwòkọ ère Meissen láti ìlàjì ọ̀rúndún 19. Ní Dresden gan-an, Helena Wolfsohn fi AR, àmì orúkọ ọba Augustus, sí ìdí tirẹ̀, títí Meissen fi gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tí wọ́n sì dá a lẹ́kun. Yàtọ̀ sí ayédèrú, àtúnṣe wà: etí, ìrù àti ìka ẹsẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ ṣẹ́, àwọn kan sì mọ bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ tí ojú lásán kò fi ní rí i. Ẹ má gbàgbé pé Meissen nìkan kọ́ ni ó ń ṣe ẹranko. Nymphenburg, Berlin àti Rosenthal náà ń ṣe é, olúkúlùkù pẹ̀lú àmì tirẹ̀.

Àmì kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo olùkójọ mọ̀, kì í ṣe nítorí owó. Ilé iṣẹ́ tánńganran kan bẹ̀rẹ̀ ní Allach, nítòsí Munich, ní àárín àwọn ọdún 1930. Kò pẹ́ tí àwọn SS ti Hitler fi gbà á. Ní ọdún 1937 wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Dachau, ní ẹ̀gbẹ́ àgọ́ ìfìyàjẹni, nígbà tí ogun sì le, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ náà ni wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Himmler ń fi àwọn ère náà tọrẹ. Theodor Kärner, tí ó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ nípa ère ẹranko, wà lára àwọn tí ó ṣe àwòṣe fún wọn: ajá, ẹṣin, ọmọ àgbọ̀nrín. Mo ti rí àwòrán wọn. Wọ́n rẹwà, n kò ní purọ́. Ọmọ àgbọ̀nrín náà jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni pé kò sí ìkà láyé. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ bolẹ̀, àmì SS ni ẹ ó bá níbẹ̀. Òfin Jámánì kò fàyè gba kí ènìyàn ṣe àfihàn àmì yìí ní gbangba, nítorí náà bébà ni àwọn tí ń tà á máa ń lẹ̀ bò ó nínú àwòrán ọjà wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń tà á, àwọn kan sì ń rà á. Èrò tèmi ni pé bí ó bá wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n sì sọ ìtàn rẹ̀, ó dára. Láti gbé e sí pálọ̀ nítorí pé ó rẹwà, n kò lè ṣe é.

Òmíràn wà tí kò ní àmì lára rárá ju pé ó fọ́. Gustav von Klemperer jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbà ní báǹkì ní Dresden, Júù sì ni. Ó kó tánńganran Meissen jọ ju 800 lọ. Ní ọdún 1938, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba Hitler gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, àwọn ẹbí sì sá kúrò ní ìlú. Ní oṣù kejì ọdún 1945, inú ọkọ̀ ẹrù ni púpọ̀ nínú wọn wà ní àgbàlá ààfin Dresden nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àfọ́kù ni wọ́n ṣà nílẹ̀. Ọdún 1991 ni wọ́n tó dá ohun tí ó kù padà fún ẹbí náà, àwọn náà sì fi ọ̀pọ̀ ta ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Dresden lọ́rẹ. Ní ọdún 2010 wọ́n ta àwọn mìíràn ní gbàǹjo ní London, àfọ́kù wà nínú rẹ̀, ènìyàn sì rà á. Àwọn tí ó rà á mọ ohun tí wọ́n ń rà.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá pẹ̀lú gbogbo èyí lórí. Bùọ̀dá wà níbẹ̀, Àǹtí wà níbẹ̀, wọn kò wo ojú ara wọn. Mo tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì, mo gbé ajá náà, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Idà méjì búlúù wà níbẹ̀. Bùọ̀dá mí kanlẹ̀. Nígbà náà ni mo fi ìka kan ìdí rẹ̀, mo sì rí i pé wọ́n fi ohun ìgé fa ìlà tóóró gba orí idà náà kọjá. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú amọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn: Meissen ni, kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìgbà Kaendler. Ìlà yìí ni ilé iṣẹ́ náà fi ń sàmì sí èyí tí ó ní àbùkù, kí wọ́n lè tà á ní owó pọ́ọ́kú. Kò lè kọ́ ilé. Bóyá ó lè kun ilé.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àǹtí wá béèrè ibi tí àbùkù náà wà, nítorí pé àwọn kò rí i. Èmi náà kò kọ́kọ́ rí i. Mo gbé ajá náà lọ sí ojú fèrèsé, mo wò ó yíká, mo wá rí i lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì: àmì dúdú kan ṣoṣo, kò tó èso yànmọ̀tí, lábẹ́ dídán ara rẹ̀. Ẹ̀rún irin tí ó bá bọ́ sínú amọ̀ funfun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iná.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n ní àwọn ti ń fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀ láti ọdún 1984, àwọn rò pé ìdọ̀tí ni. Wọ́n dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò.